Omi ẹ̀rọ wa ló ń jó ewé ata mi

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi o. Apá Ajah ni mò ń gbé, ata rodo àti tòmátò ni mo gbìn sínú rọ́bà pẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé. Lóṣù January tójò ò rọ̀ rárá, omi ẹ̀rọ ni mò ń bù sí wọn láàárọ̀ lálẹ́, kàkà kí wọ́n máa tutù yọ̀yọ̀ ńṣe ni etí ewé ń gbẹ ráúráú bí ẹni pé iná rà á, ewé ìsàlẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní òùngbẹ ni, mo bá tún ń bomi sí i, àṣé mò ń dá kún un ni.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo iyẹ̀pẹ̀ ni mo rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ etí rọ́bà, mo fi èékánná ha á, mo tọ́ ọ wò, iyọ̀! Bóhòólù ló ń gbé omi sí táǹkì wa, òkun ò sì jìnnà sí wa. Oòrùn á fa omi lọ, iyọ̀ á kù sílẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń pọ̀ sí i. Mo ra omi lọ́dọ̀ mẹ́rúwà, mo tọ́ ìyẹn náà wò kí n tó sanwó, mo wá ń dà á sí rọ́bà kọ̀ọ̀kan títí tó fi ṣàn jáde nídìí dáadáa kó lè fọ iyọ̀ yẹn lọ. Ata mẹ́ta ti kú kí n tó mọ̀, ó dùn mí gan-an, màmá mi ló fún mi ní irúgbìn wọn láti Ìjẹ̀bú.

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú o. Tiwa n'Íkòròdú tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ tà, irin ló wà nínú omi. Omi á mọ́ gaara bó ṣe ń jáde, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, á pọ́n bíi tíì. Họ́ọ̀sì ni mo fi ń wọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo ewé ló ní àbàwọ́n, àwọn oníbàárà ò fọwọ́ kàn án. Ní báyìí mo máa ń pọn ọ́n sí dúrọ́ọ̀mù lálẹ́, tó bá tòrò láàárọ̀ màá rọra bu tòkè, ìdí ẹ̀fọ́ nìkan ni mò ń dà á sí.

Ẹ̀yin méjèèjì, èmi London ni mo wà, ẹfun ló pọ̀ nínú omi tiwa, ẹ wo inú kẹ́tù mi ẹ máa rí i. Òun ló jẹ́ kí blueberry mi, igi eléso wẹ́wẹ́ kan, di yẹ́lò, iṣan ewé nìkan ló ṣì jẹ́ gíríìnì. Wọ́n ní kí n gbé omi kalẹ̀ mọ́jú kí chlorine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, lè fò lọ, àmọ́ ẹfun kì í fò lọ ní tiẹ̀. Omi òjò ni mò ń gbè sínú àgbá báyìí, ewé tuntun mẹ́rin ti yọ, gíríìnì ni gbogbo wọn.