Àjálù lé yín kúrò nílé rí? Báwo ni wọ́n ṣe pín ibi tí ẹ sùn sí?

Akínlàbí
Ìkún omi ni o, ìjì ni o, ìmìtìtì ilẹ̀ ni o: ta ni wọ́n fún níbi tí yóò sùn sí, ta ni wọn ò fún? À ń ṣètò ibùdó sílẹ̀ kí òjò tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín fún wa.

Ìyá Ìbejì
Orí ìwé orúkọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òru ni omi ya wọlé wa. Nígbà tí a dé iléèwé tí wọ́n ní ká sá lọ, ọkùnrin kan ti gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, orúkọ baálé ilé nìkan ló ń kọ. Ọkọ mi ò sí nílé. Ó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ kan náà la wà títí gbogbo kíláàsì fi kún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni èmi àtàwọn ọmọ wá sùn, tí òjò ń fẹ́ sí wa lára. Tọkọtaya kan tí wọn ò ní ọmọ lọ́wọ́ ló wà nínú yàrá tó kángun sí wa.

Kọ́lá
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bí wọ́n ṣe ṣe ìyá mi nìyẹn. Opó ni wọ́n.

Adétutù
Àwa ayálégbé ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń pín páànù àti pákó, ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Onílé gba tiẹ̀, ó tún ilé ṣe, ó sì fowó lé owó ilé. A ò lè padà síbẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà
Ọ̀rọ̀ ta ló nilẹ̀ yìí wà lára ohun tó fa iṣẹ́ sẹ́yìn ní Haiti lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2010. Akínlàbí, ẹ bá onílẹ̀ sọ ọ́ nísinsìnyí, kó sì fọwọ́ síwèé.

Ṣadé Nọ́ọ̀sì
Ìlànà Sphere táwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ń lò sọ pé ó kéré tán, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mítà onígun mẹ́rin 3.5 lábẹ́ òrùlé, kí omi tó lítà 15 lójúmọ́, kí àwọn tó ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan má sì ju ogún èèyàn lọ. Ẹ tún wo ibi tí ẹ máa kọ́ ọ sí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ọgbà ló wà, kò síná, ìlẹ̀kùn ò ṣeé há látinú. Àwọn ọmọbìnrin kì í mumi tílẹ̀ bá ti ṣú, kí wọ́n má bàa jáde.

Múyìíwá
Òótọ́ ni, àmọ́ bí òjò bá ń pa èèyàn, tapólì àti okùn ló yá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn ráyè sá sí ná, ká tó máa wọn ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Àbúrò, ẹni tí wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ta ló máa padà wá kọ ọ́? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn la wà títí wọ́n fi tú wa ká.

Múyìíwá
Mo gbọ́, mà. Ẹ má bínú.

Bísí
Kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Ẹni tó mọ alága ò ní rí ti alága gbà.

Olùkọ́ Àgbà
Wọ́n ṣẹ́ ẹ ní Kobe, ní Japan, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1995, láti fi pín ilé onígbà díẹ̀. Wọ́n fi àgbàlagbà àtàwọn aláàbọ̀ ara ṣíwájú, èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ó tú aládùúgbò ká, ọ̀pọ̀ arúgbó ló dá kú sínú yàrá tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀.

Bísí
Ẹ jẹ́ kí àdúgbò jùmọ̀ ṣẹ́ ẹ nígbà náà, kí wọ́n jọ lọ síbì kan náà. Mi ò fara mọ́ kí ẹnì kan jókòó máa yan èèyàn.

Kọ́lá
Èyí dáa.

Adétutù
Tí iléèwé bá fẹ́ wọlé ńkọ́? Wọ́n lé wa jáde kí wọ́n tó wá ibòmíì.

Bàbá Rẹ̀mí
Ẹ fàyè sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀, wọn ò tẹ̀ lé wa nítorí ewúrẹ́ wọn. Orí òrùlé la ti lọ fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn.

Akínlàbí
Bàbá, a ò tiẹ̀ ronú kan ẹran rárá. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa wo ìwé tí a fẹ́ máa kọ orúkọ sí? Ibi tí wọ́n kọ "baálé" sí ṣì wà níbẹ̀.