Àbọ̀ ìwádìí lórí ìgò wáìnì ọlọ́rùn fàdákà

Ẹ̀yin ará, mo béèrè níbí bóyá fàdákà gidi ni ọrùn ìgò wáìnì ayé Ọbabìnrin Victoria tí mo fi àwòrán rẹ̀ hàn yín, àti ẹni tó ṣe é. Ìdáhùn ti dé, òun ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ náà.

Fàdákà gidi ni. Kìnnìún tó ń rìn, tí wọ́n tẹ̀ sí etí ọrùn rẹ̀, jẹ́ ẹ̀rí pé ìdá 925 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Àmì ìdákọ̀ró fi hàn pé ìlú Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ọbabìnrin sì jẹ́ àmì pé wọ́n ti san owó orí fàdákà, èyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé ní 1890, nítorí náà kò lè jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀yìn ọdún náà. Lẹ́tà JWH tó wà lókè JTH jẹ́ òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà Hukin àti Heath, àwọn tí Christopher Dresser, gbajúmọ̀ ayàwòrán iṣẹ́ ọnà, ya àwòrán iṣẹ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹtẹ̀ yìí nìkan kò tó láti sọ pé òun ló ya tèmi.

Ẹni tó ṣe gíláàsì náà kò fi orúkọ sílẹ̀, ó sì dùn mí gan-an, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kéré sí ti alágbẹ̀dẹ fàdákà. Nígbà náà, àwọn alágbẹ̀dẹ a máa ra gíláàsì lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ bíi ti ìlú Stourbridge, wọn a sì fi POP (ẹfun tí wọ́n pò mọ́ omi tó sì gan) lẹ ọrùn fàdákà mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rì í sómi gbígbóná, kí ọrùn náà má baà tú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dá sí i.