Afẹ́fẹ́ kú lójú òkun láàrin Mindelo àti Salvador, kí ni ṣíṣe?

Ọmọ Ọ̀sà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà atukọ̀. Àwa méjì la fẹ́ ta ìgbòkun láti Mindelo ní Cape Verde lọ sí Salvador ní Brasil lóṣù kọkànlá, nǹkan bíi 2,000 máìlì òkun. Ọkọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 36, lítà 160 péré sì ni táǹkì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń gbà. Bí afẹ́fẹ́ bá kú nítòsí agbedeméjì ayé, ṣé ká tan ẹ́ńjìnnì ni àbí ká dúró?

Atukọ̀ Àgbà: Ẹ kọ́kọ́ ṣírò epo. Bí ẹ bá rọra ń lo ẹ́ńjìnnì kékeré, á jẹ nǹkan bíi lítà 2 ní wákàtí kan, ọkọ̀ á sì rin máìlì 4 àbọ̀. Ẹ yọ lítà 30 sọ́tọ̀ fún bátìrì àti wíwọ èbúté. 130 tó kù ò lè gbé yín kọjá bíi 290 máìlì, nítorí náà ibi tí afẹ́fẹ́ ti kú pátápátá ni kí ẹ ti jó o. Ibẹ̀ fẹ̀ gan-an lápá Áfíríkà, ó sì ń tínrín bí ẹ bá ṣe ń lọ síwọ̀ oòrùn. Ẹ gba dígírì 26 sí 29 ìwọ̀ oòrùn kọjá agbedeméjì ayé. Ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ o! Omi ibẹ̀ ń ṣàn síwọ̀ oòrùn. Bó bá gbé yín lọ jù, ẹ ó máa forí gbá afẹ́fẹ́ kí ẹ tó lè yí igun Brasil.

Ìyá Bàdágìrì: Ìgbì ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, kì í ṣe àìsí afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ á máa mì, ìgbòkun ńlá á máa gbá pà-pà-pà títí ojú rírán á fi tú, okùn á sì bó níbi tó ti ń ha irin. Bí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ò bá tó nọ́ọ̀tì 5 (ìyẹn máìlì òkun 5 ní wákàtí kan), ẹ sọ ìgbòkun ńlá kalẹ̀. Ẹ ta ìgbòkun náílọ́nnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níwájú, kí okùn tó ń fà á náà tínrín, torí okùn wúwo á fa igun rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ má kẹ̀yìn sáfẹ́fẹ́ gan-an. Ẹ yà bíi dígírì 30 sí 40. Ọ̀nà á gùn díẹ̀, àmọ́ ìgbòkun á kún.

Ọmọ Ọ̀sà: Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀rọ atọ́kọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń darí ńkọ́?

Ìyá Bàdágìrì: Afẹ́fẹ́ tí yóò kàn án ti kéré jù. Oníná ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ṣọ́ bátìrì.

Atukọ̀ Àgbà: Mo fẹ́ gbàgbé: bí ẹ bá rí òjò dúdú tó ń bọ̀, ẹ ká náílọ́nnì yẹn kó tó dé. Nọ́ọ̀tì 30 lè já lù yín lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹ ta tapólì gba omi mímu. Ẹ da ti àkọ́kọ́ nù, iyọ̀ wà nínú rẹ̀.