Gíà ẹ̀yìn Hilux mi ń hu lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ crown àti pinion

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹkáníìkì pààrọ̀ crown àti pinion (gíà ńlá àti gíà kékeré tó ń yí i nínú gíà ẹ̀yìn) fún mi, àmọ́ tí mo bá ti tẹ throttle báyìí ẹ̀yìn á máa hu wùùùù, ó ní ó máa wọra tó bá yá, ṣé òótọ́ ni?

Èsì 1: Irọ́ ni jàre. Ṣé ó fi dial gauge (aago tí wọ́n fi ń wọn àlàfo kékeré) wọ̀n ọ́n? 0.13 sí 0.18 mm ló yẹ kí àlàfo àárín eyín crown àti ti pinion jẹ́, nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń sún crown.

Èsì 2: Ẹ kun eyín crown lọ́dà kẹ́ ẹ wá yí i. Tó bá jẹ́ ìdí eyín ni pinion ń kan, pinion ti wọnú crown jù, ẹ fi ṣíìmù (wáṣà pẹlẹbẹ ẹ̀yìn orí pinion) tó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Crush sleeve (òrùka irin àárín bearing pinion tó ń fún pọ̀ tí wọ́n bá di nọ́ọ̀tì rẹ̀) tuntun ni kí ẹ lò o!

Oníbéèrè: Háà, ọwọ́ lásán ló fi mì í o.