Àwọn apẹja àti àwọn amòòkùn ń jà lórí ibú tí a dá sí: kí ni àwọn ará etí òkun ṣe sí irú rẹ̀?

Akọ̀wé Etí Odò

Ẹ̀yin ará ilé, Òkun o. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni mí, abúlé wa sì wà létí odò Ọya, kò jìnnà sí Lọ́kọ́jà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn apẹja níbẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn àgbà wa fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da àwọ̀n sí ibú kan tó wà nísàlẹ̀ abúlé láti oṣù Kejì títí di ìgbà tí òjò bá mú odò kún, nítorí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, ibú náà nìkan ló máa ń jìn tó láti gba ẹja là. Ẹja tó bá yè níbẹ̀ ló máa ń jáde lọ yé ẹyin sí àkùrọ̀ nígbà tí omi bá kún bo etí odò. Kò rọrùn fún ẹni tó ń fi ẹja bọ́ ọmọ láti máa tukọ̀ kọjá lórí ẹja láìfọwọ́ kàn án, síbẹ̀ a pa òfin náà mọ́, àrọ̀ tí a sì ń pa lẹ́yìn ìkún omi ti tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìjà tó dé báyìí jẹ́ ti àwa àti àwọn amòòkùn tó ń kó yanrìn. Wọn a so ọkọ̀ wọn mọ́ òpó tí wọ́n rì sínú omi, wọn a mú korobá, wọn a sì mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ láti bu yanrìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí a ti ti ibú náà gan-an ni iṣẹ́ wọn máa ń gbóná jù. Àwọn apẹja ń bi mí pé ṣé kí ẹlòmíràn lè wá hú ìsàlẹ̀ ibú náà ni àwọn ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn amòòkùn náà ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wa ń sáré gba orí àwọn kọjá, wọn kò sì parọ́, nítorí pé ní oṣù tó kọjá, abẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣá ọ̀dọ́mọkùnrin kan léjìká bó ti ń yọ orí jáde nínú omi. Lọ́jọ́ kejì, a bá àwọ̀n mẹ́ta tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì ń mú àdá lọ́wọ́ lọ sódò, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Mo gbọ́ pé irú ìjà yìí wà létí òkun, ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti dáàbò bo apá kan òkun, láàárín ọkọ̀ apẹja àti àwọn amòòkùn tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn lọ wo ẹja. Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà là á? Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ẹ mọ̀ dájú ni kí ẹ sọ fún mi, nítorí pé màá kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbà.

Atukọ̀ Mọ̀pà

Ọmọ mi akọ̀wé, ẹ kú ìnira. Mo ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun fún ọdún mọ́kànlélógún kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Mọ̀pà, inú mi sì bàjẹ́ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ejìká ọmọ yẹn, nítorí pé ìwọ̀nba aṣọ díẹ̀ ni ìbá dènà rẹ̀.

Àsíá kan wà tí gbogbo atukọ̀ mọ̀ sí Alpha. Apá kan rẹ̀ funfun, apá kejì búlúù, etí rẹ̀ sì là sí méjì bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ta á ń sọ pé ẹni òun wà lábẹ́ omi, kí ọkọ̀ mìíràn jìnnà, kí ó sì rọra rìn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún ń lo àsíá pupa tí ìlà funfun kan dá ní ìdábùú láti igun kan dé èkejì. Òfin ìpínlẹ̀ Florida sọ pé kí ọkọ̀ sapá láti jìnnà sí àsíá yìí tó 300 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn nǹkan bí mítà 91, lójú òkun gbalasa, kí ó sì jìnnà tó 100 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bí mítà 30, nínú odò àti lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Ọkọ̀ tó bá di dandan fún láti sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dín eré rẹ̀ kù títí yóò fi máa rìn gbẹ̀rẹ̀. Òfin náà de amòòkùn pẹ̀lú: kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí àsíá rẹ̀, bó bá sì ti jáde nínú omi, kí ó ká àsíá náà kúrò. Ẹ fojú sí apá ìkẹyìn yìí dáadáa, nítorí pé àsíá tó bá wà lókè látàárọ̀ dalẹ́ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ yóò kọ́ apẹja láti má ka àsíá sí mọ́.

Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 1972 láti dènà ìkọlù ọkọ̀ lójú òkun náà sọ pé ọkọ̀ tó ń pẹja gbọ́dọ̀ yà fún ọkọ̀ tí iṣẹ́ amòòkùn kò jẹ́ kó lè yí padà bó ṣe fẹ́.

Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn apẹja pẹ̀lú, kí wọ́n má bàa máa rò pé oríkunkun ni amòòkùn fi ń dúró lójú ọ̀nà. Nínú omi, ìró ń yára ju bó ti ń yára nínú afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀, ó sì máa ń dé etí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ yóò gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìhà tó ti ń bọ̀. Bí èémí rẹ̀ bá sì ti tán, ó di dandan kó yọ orí síbi tó bá bọ́ sí.

Olùkọ́ Ẹja, Kàbà

Bàbá Atukọ̀, ẹ ṣeun gan-an. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àsíá pátápátá, ṣùgbọ́n ìjà tí akọ̀wé ròyìn kò lè tibẹ̀ tán. Àsíá yóò gba orí ọmọ là, àmọ́ kò lè dáhùn ìbéèrè tí àwọn apẹja ń bèèrè, ìyẹn ni pé ta ni wọ́n ti ibú náà fún?

Ìbéèrè yìí kan náà ló wà nídìí ìjà etí òkun. Ní Mabini, ní orílẹ̀-èdè Fílípínì, àwọn apẹja kan ráhùn pé ibi tí wọ́n ní kí àwọn má pẹja mọ́ ti di ibi ìgbádùn fún àwọn amòòkùn tó ń sanwó fún onílé ìtura. Ẹ̀sùn tí apẹja máa ń fi kàn wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé wọ́n ń lé ẹja sá, wọ́n sì ń tú ohun tí àwọn dẹ sílẹ̀. Amòòkùn náà a ní àwọ̀n àti ìdákọ̀ró apẹja ń fọ́ àpáta iyùn, ìyẹn àpáta abẹ́ òkun tí ẹja fi ṣe ilé, tí àwọn wá wò. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì, nítorí pé bàtà abẹ̀bẹ̀ tí amòòkùn ń wọ̀ náà máa ń ṣẹ́ iyùn.

Ẹ wá wo erékùṣù Apo, ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà. Ní 1982, àwọn ará erékùṣù náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Silliman, tí Angel Alcala ṣáájú wọn, dá apá kan òkun wọn sí, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ fúnra wọn. Nígbà tí àwọn amòòkùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní kí wọ́n máa sanwó kí wọ́n tó wọ omi, apá kan owó náà sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn ará erékùṣù. Ní Cabo Pulmo ní Mẹ́síkò, àwọn ìdílé apẹja gan-an ló ṣaápọn kí omi wọn tó di ọgbà ìjọba ní 1995, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì di ẹni tó ń mú amòòkùn rìn lábẹ́ omi. Láàárín 1999 sí 2009, ìwọ̀n ẹja tó wà nínú omi náà pọ̀ sí i ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Níbi méjèèjì, ẹni tó fi ẹja sílẹ̀ náà ni èrè ń kàn, kì í ṣe àlejò nìkan, mo sì gbà pé ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dúró nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín ti yàtọ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn àgbà fara balẹ̀ gbọ́. Amòòkùn etí òkun ń wo ẹja, kì í kó nǹkan lọ. Amòòkùn tiyín ń kó ilé ẹja lọ ní korobá kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rú omi dàrú nígbà tí ẹja ti há síbẹ̀ láìríbi sá sí. N kò rí àsíá tàbí owó kankan tó lè mú èyí dọ́gba pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi ti ibú náà. Kí yanrìn wíwà kúrò níbẹ̀ pátápátá ní oṣù tí ẹ ti tì í, kí ẹ sì bá wọn wá ibòmíràn. Àjọ NIWA, tó ń bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé, tó sì ní olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà níbẹ̀, wà lára àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ohunkóhun, nítorí pé ọ̀rọ̀ àṣẹ yanrìn kíkó lójú ọ̀nà omi kàn wọ́n.

Ọlọ́kọ̀ Yanrìn

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ọkọ̀ yanrìn méjì ni mo ní, mo sì ti mòòkùn fúnra mi fún ọdún mẹ́sàn-án kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Kì í ṣe ìwà ìkà ló ń gbé wa lọ síbi ibú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ ibú ni yanrìn tó mọ́ tó sì wúwo máa ń wà, ibẹ̀ nìkan ni tipà sì lè wọ̀ dé etí omi.

Ní ti àwọ̀n, èmi kò gé ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Odò wa kì í mọ́ gaara bí òkun tí ẹ ń sọ, amòòkùn kì í sì í rí ọwọ́ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí àwọ̀n ọ̀rá bá wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí èémí ń tán lọ, yóò gé e, nítorí pé bí kò bá gé e, yóò kú. Bí apẹja bá so ohun pupa tó léfòó mọ́ ìpẹ̀kun àwọ̀n rẹ̀ ní ìhà méjèèjì, a ó mọ ibi tí a kò ní wọ̀. Ohun tó dùn wá jù ni pé nígbà tí wọ́n ń ṣòfin ibú yẹn, wọn kò pe ẹyọ amòòkùn kan sí ìpàdé. Ẹnu àwọn tó wá lé wa ni a ti gbọ́ ọ.

Yanrìn pọ̀ lókè odò, bí ìdajì wákàtí ní àjẹ̀. Bí abúlé bá bá wa tún ojú ọ̀nà ibẹ̀ ṣe kí tipà lè wọ̀, a ó fi ibú sílẹ̀ títí òjò yóò fi dé.

Akọ̀wé Etí Odò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́kọ̀, òótọ́ ni pé a kò pè yín, èmi gan-an ni mo kọ orúkọ àwọn tí a pè nígbà náà, mo sì tọrọ àforíjì. Mo ti bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ lánàá. Ìpàdé yóò wáyé ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, amòòkùn márùn-ún yóò sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú apẹja márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà òkè odò ni a ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, a ó sì rán ẹni méjì lọ sí Lọ́kọ́jà lórí ọ̀rọ̀ àṣẹ. Àwọn apẹja ti gbà láti so ohun tó léfòó mọ́ àwọ̀n.

Ìyàwó mi ni yóò rán àsíá fún ọkọ̀ yanrìn mẹ́wàá. Bàbá Atukọ̀, irú aṣọ wo ló yẹ kó lò, báwo ló sì ṣe yẹ kó tóbi tó?

Atukọ̀ Mọ̀pà

Kí ó má rán aṣọ. Ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́ lórí odò, aṣọ yóò rọ̀ mọ́ igi, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí àwọ̀ rẹ̀. Ìlànà 1972 yẹn sọ pé kí ọkọ̀ kékeré tó ní amòòkùn lábẹ́ omi gbé àwòrán àsíá Alpha tó le gbagidi, tí gíga rẹ̀ kò dín ní mítà kan, kí wọ́n sì rí i pé ó ṣeé rí láti ìhà gbogbo. Ẹ bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Pákó fẹ́lẹ́ méjì tí wọ́n fi gba ara wọn kọjá lórí òpó kan ni kí ó kàn, kí ó kun ìdajì tó wà níhà òpó ní funfun, kí ó sì kun ìdajì ìta ní búlúù.