RX-7 mi ti ń gbéra dáadáa báyìí

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Mo bèèrè ìdí tí RX-7 mi, ọkọ̀ Mazda tí mo ti pààrọ̀ turbo rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì), fi máa ń kú sórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré bí mo bá tẹná mọ́lẹ̀ láti ojú kan. Kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì 13B yìí, tó ní rotor méjì (irin onígun mẹ́ta tó ń yí dípò piston), 1,308 cc péré, kò lágbára tó bí kò bá tíì yí dé òkè. 3,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ni mo fi ń já clutch sílẹ̀! Mo gbé e dé 5,000, mo ń rọra tú clutch, mo sì dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù díẹ̀ kí ó lè di ilẹ̀ mú. Ó fò jáde bí ọfà. Inú mi dùn débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Pápá ìdíje ni mo ti dán an wò o. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sáré ní títì mọ́ láti alẹ́ tí ẹlẹ́sẹ̀ kan já sí iwájú mi. Ó yè é, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé ojú rẹ̀.