Báwo lẹ ṣe ń fara balẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó kojú àwọn tí ẹ ń darí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan n'Íkẹjà, Ìkòròdú ni mo sì ń gbé. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 mọ ìdí tí mo fi ń jí ní aago mẹ́rin.

Kí n tó gbàdúrà tán, WhatsApp á ti máa dún: ẹnìkan ò ní lè wá, ẹlòmíì fẹ́ pààrọ̀ díútì. Bí mo ṣe ń fèsì ni mò ń wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kiri. Tí mo bá fi máa dé wọ́ọ̀dù, ojú mi á ti le koko, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi á sì máa yẹra fún mi. Èyí ló ń dẹ́rù bà mí jù, torí nọ́ọ̀sì tó bá ń bẹ̀rù àtibèèrè lè fún aláìsàn ní oògùn tí kò yẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n tètè sùn o (ta ló ń sùn tí kò síná?). Ẹ̀yin tí ẹ ń darí èèyàn, ṣé ẹ máa ń pa fóònù ni? Tí pàjáwìrì bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Àbí kí n yan ẹnìkan tí á máa bójú tó ọ̀rọ̀ díútì láàárọ̀?